Ìlò Agbára Nínú Ara àti Àwọn Ìṣe Ojoojúmọ́ Tó Ń Mú Un Yá

Inú oúnjẹ ni agbára tí ara ń lò ti ń wá. Òun ni ọkàn fi ń lù, òun ni ọpọlọ fi ń ronú, òun náà ni kì í jẹ́ kí ara tutù lóru. Ní nǹkan bí ọdún 1783, onímọ̀ ilẹ̀ Faransé méjì, Antoine Lavoisier àti Pierre-Simon Laplace, fi ẹranko kékeré kan sínú àpótí tí yìnyín yí ká, wọ́n sì wọn omi tó yọ́ lára yìnyín náà. Wọ́n rí i pé bí iná ṣe ń fi afẹ́fẹ́ jó igi ni ara ń fi afẹ́fẹ́ jó oúnjẹ, àfi pé ti ara ń rọra lọ ni. Bí ìjóná yìí bá falẹ̀ jù, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù yóò di ọ̀rá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni agbára ń gbà tán. Nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú 100 ni ara ń lò láti wà láàyè lásán, bí ènìyàn tilẹ̀ sùn gbalaja. Nǹkan bí ìdá 10 ń bá dídà oúnjẹ lọ. Ìrìn, iṣẹ́ àti eré ló ni ìyókù, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ti máa ń pọ̀ jù. Bí télọ̀ tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti òwúrọ̀ di alẹ́ bá sanra bákan náà pẹ̀lú alágbàṣe tó ń ru búlọ́ọ̀kù, agbára tí wọ́n ń lò kò lè dọ́gba. James Levine, tó jẹ́ oníṣègùn ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà nígbà náà, fi hàn pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè tó 2,000 kálórì lóòjọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ènìyàn bá ti pé ogójì ọdún, ìjóná inú ara a máa lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Herman Pontzer ṣáájú rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2021, yẹ ènìyàn tó lé ní 6,400 wò ní orílẹ̀-èdè 29. Ó fi hàn pé láti ọmọ ogún ọdún títí dé ọgọ́ta ọdún, ìjóná náà kì í yẹ̀ bí a bá ti ro ti ìtóbi ara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ọgọ́ta ọdún ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà, bí ikùn bá yọ lẹ́ni ogójì ọdún, ìjókòó, oúnjẹ àti iṣan tó ń joro ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Fífi ebi pa ara kò ṣe é fi wá ọ̀nà àbáyọ. Lọ́dún 1944 sí 1945, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, dín oúnjẹ ọkùnrin 36 kù fún oṣù mẹ́fà ní Minnesota ní Amẹ́ríkà. Agbára tí ara wọn ń lò nígbà ìsinmi fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 dín kù. Ara tí ebi ń pa a máa ṣọ́wọ́ ná.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí iṣan má joro. Kìlógíráàmù iṣan kan ń lo nǹkan bí 13 kálórì lóòjọ́ nígbà ìsinmi, ọ̀rá ń lo bíi mẹ́rin àbọ̀. Èrè yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n iṣan tó lágbára ló ń mú kí ènìyàn lè rìn kó sì ṣiṣẹ́ láì tètè rẹ̀ ẹ́. Àga ilé lásán tó fún ìbẹ̀rẹ̀: kí ènìyàn jókòó, kó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kó dìde láì fi ọwọ́ ti nǹkan kan, kó sì rọra padà jókòó. Bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, itan yóò jẹ́rìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú láti máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 rìn kánkán lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán.

Oúnjẹ náà ní ipa tirẹ̀. Nínú 100 kálórì purotéènì, ara ń ná 20 sí 30 láti dà á. Ti oúnjẹ oníṣítáàṣì jẹ́ 5 sí 10, ti ọ̀rá kì í ju 3 lọ. Ẹni tó bá dín òkèlè àmàlà kù, tó sì fi gbẹ̀gìrì àti ẹja kún un, yóò yó pẹ́, iṣan rẹ̀ yóò sì rí ohun gbé ró.

Oorun kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Àgbàlagbà tí kì í sùn tó wákàtí méje lóru sábà máa ń fẹ́ jẹun ju bó ṣe yẹ lọ, ara rẹ̀ kì í sì í ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa.

Àìsàn ló ń mú kí ìjóná inú ara àwọn mìíràn falẹ̀. Táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, ló ń darí ìjóná yìí. Bí kò bá ṣiṣẹ́ tó, òtútù a máa mú ènìyàn, a máa rẹ̀ ẹ́, awọ ara a gbẹ, ìgbẹ́ a le, ara a sì máa wúwo sí i. Àìtó áyódínì nínú oúnjẹ wà lára ohun tó ń fà á, ó sì lè yọrí sí gẹ̀gẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po áyódínì mọ́ iyọ̀ ọbẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi àìsàn yìí hàn, oògùn tí dókítà bá kọ ló sì ń wò ó. Ìrìn, oúnjẹ àti oorun kò lè rọ́pò oògùn náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìrànlọ́wọ́.