Iye Èèyàn Nìkan Kò Tó Ya Máàpù Bọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí bí a ṣe lè fi ètò GIS orí kọ̀ǹpútà ya máàpù ibi tí eré ìdárayá ti fìdí múlẹ̀ láyé àtijọ́, ká sì mọ iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà. Líìgì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni n ó fi ṣàpẹẹrẹ.

Ọdún 1888 ni líìgì yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ 12. Mẹ́fà wá láti Lancashire: Accrington, Blackburn Rovers, Bolton Wanderers, Burnley, Everton àti Preston North End. Agbègbè Midlands ni mẹ́fà yòókù ti wá. London kò ní ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀, nígbà ìkànìyàn ọdún 1891, èèyàn London ti lé ní mílíọ̀nù 4, ti Accrington kò sì tó 50,000. Ẹni tó bá gbé iye èèyàn nìkan lé máàpù, London ni yóò ti máa wá líìgì kiri.

Níbí ni GIS ti wúlò. Ìpele ìpele ló ń to ìmọ̀: pápá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye èèyàn, ojú irin, ilé iṣẹ́ òwú. Bí a bá gbé ilé iṣẹ́ òwú lé e, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yé wa. Òfin ọdún 1850 ní kí obìnrin àti ọ̀dọ́ ṣíwọ́ ní aago méjì ọ̀sán Sátidé ní àwọn ilé ìhunṣọ. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti lọ, kò sí bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ máa lọ, àwọn ọkùnrin náà a sì ṣíwọ́. Àyè bọ́ọ̀lù yọ nìyẹn. Ìlú tún sún mọ́ra: láti Blackburn dé Accrington kò ju nǹkan bíi máìlì márùn-ún lọ, rélùwéè sì wà. Nígbà tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1885 pé kí agbábọ́ọ̀lù máa gba owó, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù London ṣì kọ̀ ọ́. Ọdún 1893 ni Woolwich Arsenal ti London tó wọ líìgì, ní ìpele kejì.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lọ́dún 1974, wọ́n tún ààlà àwọn agbègbè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa: Bolton bọ́ sí Greater Manchester, Liverpool tí í ṣe ìlú Everton bọ́ sí Merseyside. Bí ẹ bá fi ààlà Lancashire òde òní ka ẹgbẹ́ 1888, mẹ́rin lẹ ó rí dípò mẹ́fà. Nílé wa níbí náà, oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, ọdún yẹn kan náà sì ni IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Máàpù tó bá fi ẹgbẹ́ yẹn mọ sí Ọ̀yọ́ òde òní ti gé ìtàn rẹ̀ kúrú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀fẹ́ ni QGIS, ọ̀kan lára àwọn ètò GIS. Bí ẹ bá ní máàpù àtijọ́ lórí bébà, ẹ yà á sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí afárá tó ṣì wà níbi tó wà, kí ẹ sì fi so ó mọ́ ti òde òní. Ààlà ọdún wo ni, ìkànìyàn ọdún wo ni? Ẹ kọ ọ́ sára ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi iye ẹgbẹ́ wé iye èèyàn. Máàpù tí kò bá dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí, ẹ má gbà á gbọ́, ìbáà jẹ́ èmi ni mo yà á.