Adìẹ Kì í Làágùn

Ọ̀rọ̀ ooru àti ẹran ọ̀sìn wa la fẹ́ sọ lónìí.

Ní oṣù kẹta ọdún, kí òjò tó dé, ẹ ti ń rí i ní Ifangni níbí: adìẹ á ya ẹnu, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á ṣí apá kúrò lára. Àwọn kan á ní àìsàn ti dé. Ó lè má jẹ́ àìsàn o. Ooru ló ń mú un.

Ooru ara ènìyàn jẹ́ ìwọ̀n 37. Ti adìẹ tó 41 tàbí 42. Bí ooru bá mú wa, a ó làágùn. Bí òógùn náà bá ti ń gbẹ, ara á tutù. Adìẹ kò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde. Omi ọ̀fun rẹ̀ ló ń bá èémí jáde, òun ló ń tu ara rẹ̀. Bí kò bá rí omi mu ńkọ́? Kí ni yóò fi tu ara?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ajá ṣe ń yọ ahọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ làágùn, ló fi ń yíràá nínú ẹrẹ̀. À ń pè é ní ọ̀bùn, bẹ́ẹ̀ ara ló ń tù! Alángbá ní tirẹ̀ á yá oòrùn láàárọ̀, á sá sí ìbòòji lọ́sàn-án. Ìgbín á wọnú ìkarahun, á fi ohun funfun kan dí ẹnu rẹ̀ títí òjò yóò fi dé.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti ṣe àṣìṣe rí. Mo kó adìẹ mẹ́jọ sínú apẹ̀rẹ̀ kan, mo gbé e sórí alùpùpù, ó di ọjà Igolo, lọ́sàn-án gangan. Mo fi aṣọ bò wọ́n kí oòrùn má baà pa wọ́n. Kí n tó débẹ̀, mẹ́ta ti kú. Aṣọ yẹn ni kò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Owó ilé ìwé ọmọ ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa gbé adìẹ lọ ọjà ní ìdájí, kí apẹ̀rẹ̀ má há. Ẹ gbé omi sí ìbòòji, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ilé adìẹ bá jẹ́ ti páànù, ẹ kó imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí. Ọ̀pẹ kò wọ́n wa. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fún wọn lóúnjẹ, nítorí oúnjẹ tó ń dà nínú a máa fi kún ooru ara.

Ó yá, ta ni ooru ti pa adìẹ rẹ̀ rí? Báwo ni ilé adìẹ náà ṣe rí?