Irùngbọ̀n, Rorẹ́ àti Ọrùn Dúdú: Ohun Tí PCOS Ń Ṣe sí Awọ àti Irun Obìnrin

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn la máa ń sọ lórí ètò yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ara tèmi ni.

Ó pẹ́ tí mo ti ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ sílé ní Èjìgbò, mo sì bá àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, níwájú dígí, tó ń fi ẹ̀mú kékeré fa irun àgbọ̀n rẹ̀ tu. Bó ṣe rí mi, ó yára fi ọwọ́ bo ojú. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Èmi náà ti fi ọwọ́ bo ojú báyẹn rí, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lónìí nìyẹn. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọrùn tí kànìnkànìn ò lè fọ̀

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Kì í ṣe dúdú lásán o. Awọ ibẹ̀ nípọn, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó rí bí aṣọ àrán. Abẹ́ abíyá mi náà rí bẹ́ẹ̀. Màmá mi rò pé n kì í fọ ọrùn dáadáa ni. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, wọn á fọ ọrùn náà títí á fi máa ta mí. Wọ́n á ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé n kò tọ́jú ọmọ ni?" Ọrùn á bó, á jiná, á tún dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni rorẹ́ dé. Kì í ṣe kéékèèké tó ń jáde níwájú orí àwọn ẹgbẹ́ mi. Tèmi tóbi, ó ń dunni, ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n ló fi ṣe ilé. Tí ọ̀kan bá lọ, á fi àpá dúdú sílẹ̀. Kí n tó wọ yunifásítì, irun mẹ́ta hù ní àgbọ̀n mi. Mẹ́ta di mẹ́wàá, mẹ́wàá di èyí tí n kò kà mọ́. Lákòókò kan náà, onídìrí mi bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ rí i pé àárín orí yín ń ṣí?"

Nǹkan oṣù mi ńkọ́? Tó bá wá lóṣù yìí, ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó padà wá. Inú mi tiẹ̀ ń dùn, nítorí n kò ná owó páàdì. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Ẹnu àwọn èèyàn ò sinmi. Àwọn kan ní obìnrin tó bá ní irùngbọ̀n, olówó ni yóò jẹ́. Àwọn kan ní àjẹ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń fẹ́ra nígbà náà fọwọ́ kan àgbọ̀n mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kú ilé o." Àwàdà ni lójú tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ìpara tó wá láti Àbíjàn

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èjìgbò mọ̀ pé ekukáká lẹ fi máa rí agboolé tí kò ní èèyàn ní Àbíjàn. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wa la ti ń lọ sí Côte d'Ivoire, débi pé ẹ máa gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọ Èjìgbò, ẹ sì máa rí owó sẹ́fà lọ́wọ́ wọn. Àǹtí mi kan tó ń ṣòwò níbẹ̀ wá bá wa ṣọdún, wọ́n wo ojú mi, àánú mi ṣe wọ́n. Nígbà tí wọ́n tún máa wá, wọ́n ra ìpara bọ̀ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, rorẹ́ mi ń gbẹ. Inú mi dùn! Mo ń ya fọ́tò láìlo filter. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́rin, awọ ojú mi ti fẹ́lẹ́ débi pé àwọn iṣan tín-ín-rín hàn lábẹ́ rẹ̀. Rorẹ́ padà dé tòun ti ẹbí rẹ̀. Irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ̀ sí i.

Dókítà tí mo padà lọ rí ló là mí lójú. Ọ̀pọ̀ ìpara tí ń bó ara ló ní steroid alágbára nínú, irú bíi clobetasol. Ó lè kọ́kọ́ mú kí ojú rọlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́, òun fúnra rẹ̀ á máa mú rorẹ́ jáde, á máa mú irun hù níbi tí wọ́n ń fi í pa, á sì sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn ní mercury, èyí tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìjọba Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ fòfin de irú ìpara bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2015, àjọ NAFDAC náà sì ń kìlọ̀ nílé níbí. N kò dá àǹtí mi lẹ́bi, ìfẹ́ ni wọ́n fi rà á. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kun ojú yẹn, làpálàpá ni mò ń pa.

Kí ló ń jẹ́ PCOS gan-an?

Polycystic ovary syndrome ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Lọ́dún 1935, dókítà méjì ní Chicago, Irving Stein àti Michael Leventhal, kọ̀wé nípa obìnrin méje tí ilé ẹyin wọn tóbi, tí nǹkan oṣù wọn kò wá déédéé, tí àwọn kan nínú wọn sì ń hu irun bíi ti ọkùnrin. Nítorí náà, kì í ṣe àrùn tí TikTok ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe iju, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Lóṣooṣù, ó yẹ kí ẹyin kan gbó nínú ilé ẹyin, kó sì jáde. Nínú PCOS, ọ̀pọ̀ ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, wọn á wá dúró sójú ọ̀nà. Àpò kéékèèké tí ẹyin wọ̀nyẹn wà nínú rẹ̀ ló ń hàn nígbà tí wọ́n bá ṣe scan, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín.

Nǹkan méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ awọ àti irun. Àkọ́kọ́ ni androgen, hòmóònù tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin. Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ lára, ṣùgbọ́n tiwa pọ̀ jù. Èkejì ni insulin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Lára ọ̀pọ̀ àwa tá a ní PCOS, insulin á kan ilẹ̀kùn, ara ò ní tètè ṣí i. Ara á wá máa ṣe insulin sí i, èyí tó pọ̀ jù yẹn á sì máa ti ilé ẹyin pé kó ṣe androgen sí i. Insulin tó pọ̀ yìí kan náà ló ń mú kí awọ ọrùn àti abíyá nípọn kó sì dúdú. Ẹ gbọ́ o: ọrùn mi kò dọ̀tí rí. Insulin ni màmá mi ń fi kànìnkànìn fọ̀.

Androgen ló ń mú kí awọ ojú tú òróró jáde jù, ibẹ̀ ni rorẹ́ ti ń wá. Mo wá bi dókítà pé, báwo ni ohun kan náà ṣe ń gbin irun sí àgbọ̀n, tó tún ń tu ti orí? Ó ní irun ò gbọ́ràn bákan náà. Ti àgbọ̀n, àyà àti ìsàlẹ̀ ìdodo, tó bá gbọ́ ìpè androgen, á nípọn, á dúdú. Ti àtàrí, tó bá gbọ́ ìpè kan náà, á máa tínrín sí i. Ẹ wo bàbá tó pá lórí tí irùngbọ̀n rẹ̀ sì kún, ẹ ti rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo irun tó ń já ru PCOS o. Tó bá jẹ́ irun etí iwájú orí ló ń ká lọ sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí onídìrí yín máa fa irun le jù. Ti PCOS, àárín orí ló sábà máa ń wà: ìlà tí ẹ fi pín irun á máa fẹ̀ sí i.

A kò kéré níye. Nínú obìnrin mẹ́wàá tó wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ní in. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó tó ìdá 70 nínú 100 àwọn tó ní in tí kò mọ̀. Keke Palmer, òṣèré Amẹ́ríkà tó dúdú bíi tiwa, fi ojú rẹ̀ tó kún fún rorẹ́ hàn lórí Instagram ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó ní PCOS ló fà á.

Ọjọ́ tí màmá mi rí oògùn mi

Dókítà bi mí nípa nǹkan oṣù, ó wo irun ní ibi mẹ́sàn-án lára mi, ó fún ibi kọ̀ọ̀kan ní máàkì, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ṣe scan. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí ní Rotterdam lọ́dún 2003 ṣì ni ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lé: kí nǹkan oṣù máa ségesège, kí androgen pọ̀, yálà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí kó hàn lára, kí ilé ẹyin rí bẹ́ẹ̀ nínú scan. Tí méjì nínú mẹ́ta bá wà, tí wọ́n sì ti rí i pé kì í ṣe àìsàn mìíràn, PCOS ni. Fún ọmọdébìnrin bíi àbúrò mi, wọn kì í lo ti scan, nítorí ilé ẹyin ọ̀dọ́ lè rí bẹ́ẹ̀ láìsí àìsàn kankan.

Oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ fún mi ni oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró. Ó ń dín androgen kù, ó sì ń jẹ́ kí nǹkan oṣù wá déédéé. Mo kó o sínú báàgì, mo lọ sílé. Màmá mi ń wá ṣéńjì nínú báàgì náà, ni wọ́n bá rí i. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé, páálí oògùn wà lórí itan wọn. Wọ́n ní, "Ta ni ọkùnrin náà?"

Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà. Lọ́jọ́ kejì, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà kan ládùúgbò wa. Ìyá náà fi sùúrù ṣàlàyé, wọ́n tọ́ka sí ọrùn mi, sí àgbọ̀n mi, sí àárín orí mi. Màmá mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ìgbà náà ni wọ́n ní, "Ọrùn yẹn, àṣé mo kàn ń fìyà jẹ ọ́ ni."

Mo ní, "Màmá, ẹ ò mọ̀ ni."

Wọ́n wá fọwọ́ kan àgbọ̀n ara wọn. Ọdún méje ni wọ́n fi wá ọmọ kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo ayé ló mọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé ní ìdájí, kí bàbá mi tó jí, abẹ ni wọ́n fi ń fá àgbọ̀n wọn. PCOS a máa rìn nínú ìdílé.

Kí lẹ lè ṣe?

Ẹ ka àwọn àmì náà pọ̀. Rorẹ́ nìkan lè jẹ́ rorẹ́. Ṣùgbọ́n rorẹ́ àgbọ̀n, irun ojú, ọrùn tó nípọn, pẹ̀lú nǹkan oṣù tí kò dúró síbì kan, ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lágbègbè wa, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Òṣogbo, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ilé-Ifẹ̀. Ẹ béèrè dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ obìnrin.

Ẹ má ra oògùn ẹlòmíràn ní kẹ́míìsì. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Spironolactone, tí wọ́n ń lò fún irun ojú, lè ṣe ọmọ inú oyún níbi. Metformin wà fún ọ̀rọ̀ insulin. Dókítà ló máa mọ èyí tó yẹ.

Ẹ ní sùúrù. Rorẹ́ lè gba oṣù mẹ́ta, irun lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó dìgbà náà, tí ẹ bá fẹ́ fá a, ẹ fá a. Irọ́ ni pé fífá máa ń mú irun pọ̀ sí i. Fífà á tu náà lè mú kí irun há sínú awọ wa, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀.

Ẹ dín mínírà àti ṣúgà kù, ẹ máa rìn. Ẹni tó bá sanra tó dín ìdá 5 sí 10 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ kù lè rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ pé kò lè ní PCOS. Ó lè ní in. Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí àtọ̀gbẹ sún mọ́ wa ju àwọn mìíràn lọ. Tí nǹkan oṣù ò bá wá fún oṣù mẹ́ta, tí kì í ṣe oyún, ẹ má yọ̀ bíi tèmi: ara inú ilé ọmọ lè máa nípọn ju bó ṣe yẹ, ewu jẹjẹrẹ sì wà níbẹ̀ tó bá pẹ́. Tí irun bá hù lójijì, tí ohùn sì ń ki bíi ti ọkùnrin, ẹ sáré lọ.

Àwa tá a ní PCOS kì í ṣe àgàn. Ọ̀pọ̀ ló ń bímọ, àwọn kan pẹ̀lú oògùn, àwọn kan láìlò ó. Màmá mi bí mẹ́ta.

Ní ti àbúrò mi, mo jókòó tì í níwájú dígí lọ́jọ́ náà. Mo gbé àgbọ̀n mi sókè, mo ní kó fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Tiyín náà?" Mo ní, "Ti màmá náà." Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ilé onírùngbọ̀n." Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń lọ rí dókítà.

Tí ẹ bá mọ ẹni tó máa ń fi ọwọ́ bo àgbọ̀n tó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ẹ má kọ nǹkan kan sí i. Ó máa yé e. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o, ẹ máa tọ́jú ara yín.