Ìṣẹ́jú Kan Lẹ́yìn Eré



Eré ìdárayá kan wà tí a máa ń fi gbogbo agbára ṣe fún ìgbà díẹ̀, tí a ó sinmi díẹ̀, tí a ó tún gbé e. Eré yẹn ni gbogbo ayé ń wò. Ìsinmi àárín rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí.

Okùn méjì ni ọpọlọ fi ń darí ọkàn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan ń lé e sáré. Èkejì, iṣan Vagus, tó gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ sí àyà, ń ní kó rọra. Bí a bá gé méjèèjì, ọkàn yóò máa dá lù ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọ̀pọ̀ wa tó jókòó síbí kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí Vagus kò tú ìjánu sílẹ̀.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Otto Loewi fi ọ̀nà tí Vagus ń gbà ṣe èyí hàn ní Graz, ní Austria, ní 1921. Ó fi iná mànàmáná ta iṣan Vagus ọkàn àkèré kan, ọkàn náà dẹ̀rọ̀. Ó bu omi iyọ̀ inú rẹ̀ sí ọkàn àkèré kejì tí wọn kò fi iná ta rárá. Òun náà dẹ̀rọ̀! Èròjà tí Vagus tú sínú omi ló ṣe é.

Ní Jámánì, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, Woldemar Gerschler, olùkọ́ eré sísá, àti Hans Reindell, oníṣègùn, ń ka lílù ọkàn àwọn sárésáré láti mọ bí ìsinmi àárín eré ṣe yẹ kó gùn tó. Sárésáré á sá títí ọkàn rẹ̀ á fi lù tó 180 ní ìṣẹ́jú kan, á dúró kó lè padà sí 120. Bí ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ bá kọjá tí kò tíì padà, eré náà ti le jù. Rudolf Harbig, ọmọ ẹ̀kọ́ Gerschler, sá 800 mítà ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 46.6 ní Milan ní 1939. Ọdún 16 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó sá a yá jù bẹ́ẹ̀.

Bí eré bá ti dúró, Vagus ló kọ́kọ́ fa ìjánu. Ní 1999, àwọn oníṣègùn ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, jábọ̀ lórí àgbàlagbà 2,428 tí wọ́n tẹ̀lé fún ọdún mẹ́fà. Àwọn tí lílù ọkàn wọn kò dín ju 12 lọ ní ìṣẹ́jú kìíní lẹ́yìn eré, ewu ikú wọn tó ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù, kódà lẹ́yìn tí a ti ro ọjọ́ orí mọ́ ọn.

Eré onísinmi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, bí a bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, máa ń mú kí ìjánu náà lágbára sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a ṣe é, ó máa ń pẹ́ kí Vagus tó padà sípò tán. Nítorí náà ni n kò fi fara mọ́ ọn kí ènìyàn máa ṣe é lójoojúmọ́. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà; oògùn mìíràn wà tí í dẹ ọkàn lọ́wọ́, tí òǹkà 180 àti 120 yẹn kò ní bá ẹni tó ń lò ó mu.

Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín, ní ìhà àtàǹpàkò. Ẹ mí sínú, kí ó pẹ́. Ọ̀pọ̀ yín, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, á gbọ́ tí ó ń yára díẹ̀. Ẹ rọra mí jáde. Ó ń fà, àbí? Vagus nìyẹn.