Ẹsẹ̀ Tí Ń Gbé Orí Dé Ibi Ire

  

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo gbé wá lónìí. Nínú èdè wa, ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ẹsẹ Ifá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn. Ẹsẹ Ifá ni a ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Ẹsẹ̀ ara ni a kì í wò títí yóò fi kọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwa kan náà ń kọ́ni pé bí ènìyàn tilẹ̀ yan orí rere, ẹsẹ̀ ni yóò gbé e dé ibi tí ire náà wà.

Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní PAD. Àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí ẹsẹ̀ ni ó ń dín ní fífẹ̀, nítorí pé ọ̀rá ń lẹ̀ mọ́ wọn nínú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ènìyàn bá jókòó, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá lè tó o. Bí ó bá ń rìn, ẹran ẹsẹ̀ yóò béèrè ju èyí tí ó ń rí gbà lọ. Ìrora yóò mú un ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ní itan tàbí ní ìdí. Bí ó bá sinmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrora náà yóò lọ. Bí ó bá tún rìn, yóò padà. Ẹlòmíràn kò ní mọ ìrora kankan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa tutù, irun ojúgun yóò máa re, ọgbẹ́ kékeré ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ yóò sì kọ̀ láti jinná. Àìsàn yìí kò mọ sí ẹsẹ̀ nìkan. Iṣan tí ó dí ní ẹsẹ̀ lè ti máa dí ní ọkàn àti ní ọpọlọ, ìdí nìyí tí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi súnmọ́ ẹni tí ó ní in.

Àwa babaláwo ni ọ̀pọ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń tọ̀ wá. Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ni. Àwọn mìíràn, tí egbò àdáàjinná wà ní ẹsẹ̀ wọn, ní àwọn tẹ oògùn mọ́lẹ̀ ni. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ dá Ifá fún wọn bí wọ́n bá béèrè, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dìde lórí ẹní yín, ẹ darí wọn sí ilé ìwòsàn. Ẹbọ kì í dí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Egbò tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kì í jinná, ewé yòówù kí a fi dì í. Bí a bá ń fi ọjọ́ ṣòfò, ẹran ibẹ̀ ń kú lọ ni, gígé ẹsẹ̀ ni ó sì lè gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé tutù, tí ó ń roni gidigidi, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣú kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ní abẹ nínú. Wọn yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá àti ní ọrùn ẹsẹ̀, wọn yóò sì fi iye ti apá pín iye ti ọrùn ẹsẹ̀. Bí èsì rẹ̀ bá jẹ́ 0.90 tàbí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn náà ti wà níbẹ̀.

Kí ni a lè ṣe? Èkíní, ẹ fi sìgá sílẹ̀: kò sí ohun tí a ń fi ọwọ́ ara wa ṣe tí ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ tó o. Èkejì, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ pa oògùn rẹ̀ jẹ. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, èso àti ẹja pọ̀ nínú oúnjẹ yín, kí iyọ̀ sì dín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́. Ẹ̀kẹrin, ẹ máa rìn. Ìrìn yìí gan-an jẹ́ ìtọ́jú fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, bí dókítà bá ti gbà á láyè, tí kò sì sí egbò: kí ó rìn títí ìrora yóò fi le díẹ̀, kí ó sinmi títí yóò fi lọ, kí ó tún gbéra. Ìṣẹ́jú 30 sí 45, ìgbà 3 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹran ẹsẹ̀ yóò kọ́ láti fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ní ojúbọ, a máa ń bọ́ bàtà. Kí alátọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ìrora mọ́, yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bí ó bá dé ilé, kí ó má sì ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná.

Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 50 nínú yín, tí ó ń mu sìgá tàbí tí ó ní àtọ̀gbẹ, kí ó lọ béèrè àyẹ̀wò yìí. Ẹni tí ó bá ti pé 65, kí òun náà bá a lọ.

Kí ẹsẹ̀ wa gbé wa dé ibi tí orí wa yàn. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.