AR-RABADHAH: ABÚLÉ TÍ ÌJÀ SỌ DI AHORO

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, abúlé kan wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá tí ń jẹ́ Ar-Rabadhah. Ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà sí Mẹ́dínà. Koríko ibẹ̀ dára, nítorí náà ni Khalifa Umar fi ya pápá rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ràkúnmí sàká. Ibẹ̀ ni Sàábé Abu Dharr al-Ghifari, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ bò fún àwọn tí ń kó ọrọ̀ jọ láìro ti tálákà, ti lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó kú síbẹ̀ ní ọdún 32 Híjírà (652). Ìtàn sọ pé aṣọ tí ó tó fi sin ín kò sí nínú ilé rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò tí ó ti Iraq bọ̀, tí Abdullah ibn Masud wà láàárín wọn, ni wọ́n kírun sí i lára.

Nígbà ìjọba àwọn ọmọ Abbas, Ar-Rabadhah di ibùsọ̀ pàtàkì ní ọ̀nà Hájì láti Kufa sí Mẹ́kà. Zubaydah, ìyàwó Khalifa Harun ar-Rashid, náwó sí ọ̀nà náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Wọ́n fi òkúta mọ adágún ńlá tí ń gba omi òjò pamọ́. Níbi tí omi wà ni àlejò ń sọ̀ sí. Níbi tí àlejò bá sì ń sọ̀ sí, ọjà kò ní ṣàìdé. Bẹ́ẹ̀ ni abúlé darandaran ṣe di ìlú.

Kí ni ó wá pa á run? Àwọn òpìtàn kò dárúkọ ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn. Ìjà ni wọ́n kọ sílẹ̀, ìjà àjàìtán láàárín àwọn ará Rabadhah àti àwọn ará Dariyyah. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ará Dariyyah lọ bẹ àwọn Karámítà lọ́wẹ̀ ogun. Àwọn Karámítà yìí kan náà ni wọ́n pa àwọn alálàájì ní Mẹ́kà ní ọdún 317 (930), tí wọ́n sì gbé Òkúta Dúdú lọ. Ní ọdún 319 (931), àwọn ará Rabadhah sá kúrò, ìlú sì di ahoro.

Láti ọdún 1979 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì King Saud ti ń wa ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n rí mọ́sálásí, ilé, owó àtijọ́ àti àwọn adágún náà. Òkúta ṣẹ́ kù, ènìyàn kò sí.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Bí ìjà bá wọ àárín ìjọ méjì, kí wọ́n wá onílàjà; kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá alágbára tí yóò bá òun pa arákùnrin rẹ̀. Kí Ọlọ́hun so ọkàn àwọn Mùsùlùmí pọ̀. Àmín.