Ọwọ́ Kan Kò Gbé Ẹrù Dé Orí



Kò sí ẹni tí kò ní ẹrù lórí. Àgbẹ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ń wo ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá pẹ́. Ìyá ọlọ́jà ní Èjìgbò ń ṣírò owó àjọ. Ọmọ ilé-ìwé ń bẹ̀rù ìdánwò. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrùn. Nígbà tí ewu bá dé, àyà a máa lù kíkankíkan, iṣan a sì le, kí ènìyàn lè jà tàbí kí ó sá. Bí ewu bá lọ, ara a tún rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìrònú kò bá dáwọ́ dúró, ara kò ní àyè láti sinmi. Èyí ni másùnmáwo.

Èjìgbò mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ọmọ ìlú náà ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjàn ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2002, àti nígbà tí ìjà tún dé lẹ́yìn ìdìbò 2010, àwọn kan fi ọjà àti ilé sílẹ̀, wọ́n sì sá wálé. Ẹni tí ó lọ kó ọrọ̀ jọ tí ó padà ní ọwọ́ òfo kì í fẹ́ sọ ìnira rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín ní ìta, kò sì rí oorun sùn ní òru.

Àmì másùnmáwo kò pamọ́. Ènìyàn a jí ní ọ̀gànjọ́, kò sì ní lè sùn mọ́. Orí a máa fọ́, ọrùn àti èjìká a le, àyà a máa já. Oúnjẹ kò ní wù ú jẹ. Ìbínú rẹ̀ a wà nítòsí, ọmọ tí kò ṣẹ̀ a sì máa jẹ pàṣán. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ọ̀tá ni.

Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé ìtòsí, pẹ̀lú ìbátan wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, wọ́n sì ń padà sí àárín ènìyàn ní alẹ́. Ètò náà di mímọ̀ káàkiri ayé. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìbákẹ́gbẹ́ jẹ́ apá kan nínú ìwòsàn.

Kí ni kí ẹni tí ẹrù wúwo fún ṣe? Èkíní, kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí kì í tú àṣírí. Èkejì, kí ó ṣe èyí tí agbára rẹ̀ ká lónìí, kí ó sì fi ìyókù di ọ̀la. Bí gbèsè ni, kí ó tọ ẹni tí ó jẹ lọ, kí wọ́n jọ ṣètò bí yóò ti máa san án díẹ̀díẹ̀. Sísá kì í pa gbèsè rẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ó má jẹ obì ní alẹ́, nítorí obì a máa lé oorun lọ. Kí ó má sì fi ọtí wá oorun, nítorí oorun ọtí kì í sinmi ara. Bí àyà bá ń já, kí ó jókòó, kí ó fa èémí sínú jẹ́jẹ́, kí ó sì tú u jáde jẹ́jẹ́.

Bí àmì wọ̀nyí bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, kí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ikú sàn ju ayé lọ, kí a má ṣe kà á sí àwàdà, kí a má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a mú un lọ.

Aládùúgbò tí ó bá rí i pé fìtílà ilé kejì kì í kú ní òru, kí ó kan ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.